Òkúta Nsuta àti Ẹ̀wù Irin: Ta Ni Yóò Jẹ Èrè Rẹ̀?

Ẹni tí ó bá mọ ìlú Kumasi ní ilẹ̀ Ghana yóò mọ Santasi. Oríta ńlá kan wà níbẹ̀: ọ̀nà kan wọ àárín ìlú lọ, òmíràn sì kọjú sí gúúsù, ó lọ sí Bekwai àti sí Obuasi, ìlú tí a ti ń wa wúrà láti ayé àwọn baba wa. Ní Santasi yìí kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ Opoku Ware wà, èyí tí Ìjọ Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, ọdún mẹ́ta péré kí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tí ń kọ́ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀ lónìí, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn, ní Oǹdó àti ní Ìlọrin, ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí kàn jù lọ.

Bí iná mànàmáná bá kú ní Santasi ní alẹ́, àwọn ará ibẹ̀ kì í pẹ́ wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi pè é. Dumsor ni wọ́n ń pè é. Èdè Akan ni: kí iná kú, kí iná tún tàn. Nígbà tí ìyọnu náà le koko láàárín ọdún 2012 sí ọdún 2015, ọ̀rọ̀ kékeré yìí kọjá ààlà Ghana, gbogbo ayé sì gbọ́ ọ. Bí a bá sọ ọ́ ní Àkúrẹ́ tàbí ní Abẹ́òkúta, àwọn ènìyàn wa lè má mọ èdè náà, ṣùgbọ́n wọn yóò mọ ohun tí à ń wí. Léraléra ni iná gbogbo Nàìjíríà dákú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọdún 2024, àwa pẹ̀lú sì mọ bí òkùnkùn ti rí.

Ọ̀rọ̀ Kumasi kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa. Kí ó tó di oṣù November ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Ọ̀mọ̀wé Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìniṣà àti ọmọ Ọ̀ffà ni ó ń ṣòwò ní Kumasi, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, tí wọ́n sì kọ́lé síbẹ̀. Ohun tí ó bá ń jẹ Ghana níyà ń jẹ àwọn ìbátan wa níyà. Ohun tí ó bá sì lè tú Ghana sílẹ̀ lè tú àwa náà sílẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan, àti ọ̀rọ̀ ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lára irin inú ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀RỌ TÍ Ń MÚ INÁ WÁ LÁÌDÁ INÁ

Ní ọdún 1839, ọ̀mọ̀ràn ará Wales kan, William Grove, fi hàn pé bí a bá jẹ́ kí háídrójìn àti ọ́ksíjìn pàdé lọ́nà tí ó yẹ, wọn yóò mú agbára iná mànàmáná jáde láìsí pé ohunkóhun jó. Ní ọdún 1937, Baur àti Preis ní ilẹ̀ Switzerland ṣe irú rẹ̀ tí ó jẹ́ pé amọ̀ sísun ni a fi ṣe inú rẹ̀. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó fún irú ẹ̀rọ yìí ni fúẹ̀lì sẹ́ẹ̀lì. Èyí tí a fi amọ̀ sísun ṣe ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ó pẹ́ gan-an tí ẹ̀rọ náà fi jẹ́ ohun àmúṣeré àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Nísinsìnyí, ó ti kúrò ní bẹ́ẹ̀. Ní oṣù November ọdún 2024, ilé iṣẹ́ mànàmáná ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AEP, bá ilé iṣẹ́ Bloom Energy ṣe àdéhùn láti ra irú ẹ̀rọ yìí tí agbára rẹ̀ lè tó mẹ́gáwáàtì 1,000, fún ìlò àwọn ilé ràgàjì tí a ń kó kọ̀ǹpútà sí. Kí a lè mọ bí èyí ti pọ̀ tó, ẹ jẹ́ kí a rántí pé mẹ́gáwáàtì 1,020 ni gbogbo agbára ìsédò Akosombo, tí Ọ̀mọ̀wé Nkrumah fi ògo ńlá ṣí ní oṣù January ọdún 1966. Agbára tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Akosombo ni oníbàárà kan ṣoṣo ṣe àdéhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ẹ̀rọ náà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ yóò ti ṣe é níwájú pátákó. Ẹ fi ojú inú wo àwo pẹlẹbẹ kan tí a fi amọ̀ sísun ṣe. Kì í ṣe amọ̀ ìkòkò. Ohun àlùmọ́nì kan tí ń jẹ́ zirconia ni a lọ̀ kúnná tí a sì sun. Bí a bá mú un gbóná dé dígírì 700 tàbí 800, ọ́ksíjìn inú afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá ní kínníkínní, tí yóò sì ru ẹrù mànàmáná dání. Afẹ́fẹ́ wà ní apá kan àwo náà, gáàsì wà ní apá kejì. Ọ́ksíjìn gba inú amọ̀ lọ bá gáàsì. Ẹrù tí ó rù ni a fi wáyà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí a fi ń tan iná ilé. Ẹ̀rọ yìí lè sọ ju ìdajì agbára tí ó wà nínú gáàsì lọ di iná mànàmáná, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń pariwo ní ẹ̀yìnkùlé wa kò lè sọ tó ìdá kan nínú mẹ́ta epo rẹ̀ di iná.

Ṣùgbọ́n àwo kan ṣoṣo kò tó nǹkan, nítorí agbára rẹ̀ kò tó fóòtì kan àti ààbọ̀. Ní ẹnu iṣẹ́ pàápàá kì í pé fóòtì kan. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń to bátìrì méjì tàbí mẹ́ta sínú tọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni a ní láti to àwọn àwo wọ̀nyí lé ara wọn, ní mẹ́wàá-mẹ́wàá àti ní ọgọ́ọ̀rún. Láàárín àwo kan àti èkejì ni a ń fi pẹlẹbẹ irin kan sí. Irin yìí ni ó ń gbé iná láti ara àwo kan dé ara èkejì, òun náà ni kì í sì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti gáàsì fojú kan ara wọn. Irin àárín yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé.

IKÚ TÍ Ó WÀ NÍNÚ ILÉ

Irin lásán kò lè dúró nínú irú ooru bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà yóò jẹ ẹ́ títí yóò fi tán. Nítorí náà ni a fi ń lo irin tí a da krómíọ́ọ̀mù mọ́. Ní ilé ìwádìí Jülich ní ilẹ̀ Jámánì, a ṣe irú irin bẹ́ẹ̀ kan tí a pè ní Crofer 22 APU, tí nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ krómíọ́ọ̀mù. Bí krómíọ́ọ̀mù bá pàdé ọ́ksíjìn, a máa di awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lójú irin, awọ náà a sì máa dáàbò bo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí ṣíbí tí à ń dán ní ilé ìdáná wa dípẹtà.

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Awọ krómíọ́ọ̀mù tí ó ń dáàbò bo irin yìí gan-an ni ó ń pa àwo amọ̀. Nínú ooru ńlá, bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá kàn án, díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa di oru tí ojú kò lè rí; oru náà a fò lọ, a bà lé ojú àwo ní apá tí afẹ́fẹ́ wà, a sì dí ẹnu ọ̀nà tí ó yẹ kí ọ́ksíjìn gbà wọlé. Lẹ́yìn èyí, awọ náà fúnra rẹ̀ a máa nípọn sí i láti ọdún dé ọdún, bẹ́ẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá. Ẹ̀rọ náà yóò máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Olówó rẹ̀ yóò máa dá àwo amọ̀ lẹ́bi, kò ní mọ̀ pé irin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni olè.

Ọgbọ́n tí a dá sí i ni pé kí a wọ irin náà ní ẹ̀wù. Ẹ̀wù irin kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa. Páànù tí a fi bo òrùlé wa, síńkì ni a fi bo irin rẹ̀. Abọ́ tánganran tí àwọn ìyá wa ń kó lé orí lọ sí ọjà, irin ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jábọ́ tí ìbòrí rẹ̀ sì bó ní ojú kan, ojú náà ni ìpẹtà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀wù méjèèjì yìí kò lè ṣe iṣẹ́ tí à ń wí. Síńkì a máa yọ́ ní nǹkan bí dígírì 420, tánganran kì í sì í jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ẹ̀wù tí à ń wá gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọ́dọ̀ sé krómíọ́ọ̀mù mọ́lé. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iná kọjá. Bí irin bá gbóná tí ó fẹ̀, tàbí tí ó tutù tí ó súnkì, ẹ̀wù náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ kí ó sì súnkì ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kí ó má baà là. Lẹ́yìn ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún ní Jámánì, ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí a rí pé ó lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa ni àdàlù máńganíìsì àti kóbọ́ọ̀tì tí ó ti so pọ̀ mọ́ ọ́ksíjìn. A lè fín in sára irin bí a ti ń fín ọ̀dà, a lè fi agbára mànàmáná fà á mọ́ irin nínú omi, a sì tún lè yọ́ ọ nínú ooru líle kí a fẹ́ ẹ lu irin. Kò nípọn rárá. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, ẹyọ kan nínú rẹ̀ lè tó fún un.

Ẹ má ṣe rò pé ohun kékeré ni èyí. Láti ọdún 2007 títí di ọdún 2019, ẹ̀rọ kan ṣiṣẹ́ ní Jülich fún ohun tí ó lé ní wákàtí 100,000, ìyẹn ju ọdún mọ́kànlá lọ. Ìṣòro irin yìí wà lára ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ní láti borí kí wọ́n tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó gbó ní ọdún méjì jẹ́ gbèsè lọ́rùn ẹni tí ó rà á. Èyí tí ó lo ọdún mẹ́wàá lè di ọrọ̀ ìlú. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lè má ju ẹ̀wù fẹ́lẹ́ yìí lọ.

IBI TÍ ERÙPẸ̀ NÁÀ TI Ń WÁ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí oríta Santasi. Ẹni tí ó bá kọjú sí gúúsù níbẹ̀, tí ó gba Obuasi kọjá tí kò dúró, yóò dé agbègbè Tarkwa, yóò sì dé Nsuta. Ní ọdún 1914 ni a rí máńganíìsì ní Nsuta. Ní ọdún 1916, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ń jà, ni a bẹ̀rẹ̀ sí wà á. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti ń kó o lọ sí etíkun, tí ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé e lọ. Ní ayé àtijọ́, òkúta Nsuta lókìkí káàkiri ayé nítorí pé ó dára púpọ̀ fún bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé àgbẹ̀ tí ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣọ́ oko rẹ̀ ní ilẹ̀ wa lè máa ra òkúta Ghana padà lọ́wọ́ Òyìnbó, nínú páálí pẹ̀lú orúkọ Òyìnbó lára rẹ̀.

Kóbọ́ọ̀tì ńkọ́? Ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún kóbọ́ọ̀tì tí ayé ń wà lọ́dọọdún ni ó ń ti ilẹ̀ Kóńgò wá, ní agbègbè Katanga àtijọ́, níbi tí a ti fẹ́ fa ilẹ̀ náà ya ní ọdún 1960, tí a sì pa Lumumba ní oṣù January ọdún 1961. Ohun méjèèjì tí a fi ń rán ẹ̀wù irin náà, ilẹ̀ Áfíríkà ni ìyá wọn. Àwọn tí ń rán ẹ̀wù náà, òkè òkun ni wọ́n wà.

Bí ọmọ Áfíríkà bá gbọ́ èyí, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ọ̀fun ayé ti wà lọ́wọ́ wa. Kí a di ilẹ̀kùn ìwakùsà, kí a wo ibi tí wọn yóò gbà. Kóńgò dán an wò. Ní oṣù February ọdún 2025, ìjọba ibẹ̀ dá kíkó kóbọ́ọ̀tì jáde dúró. Ní oṣù October ọdún náà, wọ́n sọ ọ́ di òṣùwọ̀n, iye kan báyìí fún ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Owó kóbọ́ọ̀tì gòkè ní ọjà àgbáyé. A kò dá Kóńgò lẹ́bi, nítorí ẹni tí ó ni ọjà ni ó ń ná an. Ṣùgbọ́n kí owó náà tó gòkè rárá ni àwọn olùwádìí òkè òkun ti ń wá ẹ̀wù tí kò ní kóbọ́ọ̀tì nínú, tí wọ́n ń fi bàbà tàbí irin lásán da máńganíìsì dípò rẹ̀. Ẹni tí ó ní ìmọ̀ lè pààrọ̀ erùpẹ̀. Ẹni tí erùpẹ̀ nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi pààrọ̀ ìmọ̀.

Ẹ MÁ ṢE JẸ́ KÍ A TAN ARA WA

Ìṣirò kan wà tí a fẹ́ kí àwọn olùkọ́ bá wa yẹ̀ wò. Bí ẹ̀wù náà bá nípọn tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, tí a sì fi bo irin tí ó fẹ̀ tó mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, gbogbo ohun tí a ó lò kò ju nǹkan bí gíráàmù 55 lọ. Nínú rẹ̀, máńganíìsì kò ju nǹkan bí gíráàmù 13. Èyí ni pé tọ́ọ̀nù máńganíìsì kan, tí a lè rí nínú nǹkan bí tọ́ọ̀nù òkúta Nsuta mẹ́rin, yóò bo irin tí ó fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ń jáde láti Nsuta ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ti ju mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún kan.

Kí ni ìṣirò yìí ń wí? Ó ń wí pé a kò lè di olówó nípa títa erùpẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe ẹ̀wù irin. Ohun tí wọn yóò rà lọ́wọ́ wa kò ju ohun tí ọkọ̀ akẹ́rù díẹ̀ lè gbé. Owó tí ó wà nínú ẹ̀wù náà kò sí nínú máńganíìsì. Ó wà nínú mímọ bí a ti ń lọ̀ ọ́, bí a ti ń dà á pọ̀, bí a ti ń fín in, bí a ti ń sun ún, àti bí a ti ń mọ̀ pé yóò pẹ́. Àwọn tí ń sọ fún àwọn ènìyàn wa pé ilẹ̀ wa lọ́rọ̀ nítorí pé òkúta wà nínú rẹ̀ ń sọ ìdajì òótọ́, ìdajì òótọ́ sì léwu.

Ghana ti rí èyí rí. Nígbà tí a ń ṣe ètò odò Volta, ohun tí Nkrumah ní lọ́kàn ni pé iná Akosombo yóò yọ́ bọ́ọ̀sáìtì ilẹ̀ Ghana di alumíníọ́ọ̀mù. Bọ́ọ̀sáìtì wà ní Awaso, ó sì wà lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Nyinahin, ní ilẹ̀ Aṣáńtì tí Kumasi jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ní ọdún 1967, ilé iṣẹ́ VALCO bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Tema, ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó ni ín ń kó alúmínà wá láti òkè òkun, wọ́n ń fi iná Ghana yọ́ ọ, wọ́n sì ń kó alumíníọ́ọ̀mù lọ. Bọ́ọ̀sáìtì Awaso ń bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi ní tútù. Iná jẹ́ ti Ghana, òkúta jẹ́ ti Ghana, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó wà láàárín òkúta àti iná kò sí lọ́wọ́ Ghana. Ní àárín yẹn ni èrè gbà lọ.

Lónìí, àwọn ìjọba wa ti ń sọ̀rọ̀ tí ó dára. Ní ọdún 2023, ìjọba Ghana fi ọwọ́ sí ìlànà lórí lítíọ́ọ̀mù àti àwọn ohun àlùmọ́nì ẹgbẹ́ rẹ̀, pé kí a má ṣe máa kó wọn jáde ní tútù mọ́. Ní ọdún 2025, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Àbújá fi ọwọ́ sí àbá òfin kan pé kí a kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ilé kún iye ohun àmúṣọrọ̀ wa, ó kéré tán ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kí a tó kó o jáde. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wa nìyí: kí ni yóò jẹ́ ìdá 30 náà? Bí a bá fọ́ òkúta, tí a fọ̀ ọ́, tí a sì dì í sínú àpò tuntun, owó rẹ̀ yóò gòkè, òfin yóò sì ní ìtẹ́lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ wa kan tí yóò ti ara rẹ̀ kọ́ bí a ti ń wọ irin ní ẹ̀wù. Òfin tí ó ka owó nìkan, tí kò ka ìmọ̀, yóò tún bí VALCO mìíràn fún wa.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Èkíní, kí a má ṣe sáré lọ ra ẹ̀rọ náà bí ẹni ra oògùn dumsor. A ti sọ pé ẹ̀wù irin gbọ́dọ̀ máa fẹ̀ kí ó sì máa súnkì pẹ̀lú irin. Bí ó ti wù kí a ṣe é dáadáa tó, bí ẹ̀rọ bá ń gbóná tí ó sì ń tutù lójoojúmọ́, ẹ̀wù yóò là, amọ̀ pàápàá yóò sì là. Ẹ̀rọ yìí fẹ́ gáàsì tí kì í dáwọ́ dúró. Ọ̀pá gáàsì ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 678, bẹ̀rẹ̀ ní Ìtòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba Badagry wọ inú òkun, ó sì kọjá Cotonou àti Lomé kí ó tó dé Tema àti Takoradi. Ní oṣù August ọdún 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan fà á ya ní ojú omi Togo. Ó di ọdún 2013 kí gáàsì tó tún dé Ghana, dumsor sì le sí i. Bí irú ẹ̀rọ yìí bá ti wà ní Ghana nígbà náà tí ó ń mu gáàsì láti inú ọ̀pá yìí, òtútù àìròtẹ́lẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ fi pàdé. Gáàsì tí ń gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá ni. Bí a bá fẹ́ kí Kumasi ní ìmọ́lẹ̀, kí àwa ará Nàìjíríà tún ilé wa ṣe pẹ̀lú.

Èkejì, kí a bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, kí a sì bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Yunifásítì Kwame Nkrumah ti Sáyẹ́ǹsì àti Iṣẹ́ Ẹ̀rọ wà ní Kumasi. Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì di yunifásítì ní ọdún 1961. Ní ọdún 1972, ó dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí yóò máa gba àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nímọ̀ràn. Ní ọdún 1980, ẹ̀ka náà ṣí ilé ìkọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ sí Suame, níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ òde òní, àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tí ń jó irin pọ̀ sí bí eéṣú. Ọ̀jọ̀gbọ́n àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo jókòó pọ̀ lórí iṣẹ́ kan. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wù irin ń fẹ́. Ooru kò jẹ́ ìṣòro fún ẹni tí ń yọ́ irin ní Suame. Ohun tí ó kù ni ìwọ̀n tí ó péye, ìwé tí a fi ń kọ ohun tí a rí, àti sùúrù.

Sùúrù ni a wí, nítorí bí a ti ń dán ẹ̀wù náà wò nìyí: a ó wọn irin tí a ti bò, a ó fi í sínú ààrò ní dígírì 800 fún wákàtí 1,000, a ó sì tún un wọ̀n láti mọ bí ọ́ksíjìn tí ó jẹ ẹ́ ti pọ̀ tó. Wákàtí 1,000 jẹ́ ọjọ́ mọ́kànlélógójì àti wákàtí mẹ́rìndínlógún. Nínú ìlú tí iná ń kú tí ó ń tàn, ta ni yóò mú ààrò dúró ní dígírì 800 fún ọjọ́ mọ́kànlélógójì? Èyí ni okùn tí ó so wá lọ́rùn: a kò ní iná tí a ó fi kọ́ bí a ti ń ṣe ẹ̀rọ iná. Ìjọba tí ó bá fẹ́ já okùn náà, kí ó kọ́kọ́ fún yàrá ìwádìí kan ní Kumasi, àti ọ̀kan ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀, ní iná tí kì í kú. Owó rẹ̀ kò tó ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba ń fi ra epo fún ẹ̀rọ amúnáwá wọn.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin olùkọ́. Ẹ̀kọ́ yìí kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ tí ọmọ yóò wọ yunifásítì. Ẹ mú abọ́ tánganran kan tí ó ti bó, ẹ mú páànù àtijọ́ kan àti tuntun kan, ẹ mú ṣíbí kan tí kì í dípẹtà, kí ẹ sì gbé wọn sí iwájú kíláàsì. Ẹ bi àwọn ọmọ léèrè ìdí tí ọ̀kan fi jẹrà tí èkejì kò jẹrà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìṣó mẹ́rin sínú omi, kí wọ́n kun mẹ́ta ní ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n fi ẹ̀kẹrin sílẹ̀ ní ìhòòhò, kí wọ́n máa wọ̀n wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tí ó ti ṣe èyí ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí àwọn ará Jülich ń ṣe, àfi pé ààrò tiwọn gbóná ju omi rẹ̀ lọ.

Òkúta Nsuta ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lójú ọ̀nà. Ó bá ogun àgbáyé kìíní lọ, ó bá bátìrì tọ́ọ̀ṣì lọ, ó sì ń bá ẹ̀rọ tuntun yìí lọ. Àwọn baba wa kò ní ẹni tí yóò sọ fún wọn ohun tí a ń fi í ṣe ní òkè òkun. Àwa ti mọ̀ báyìí. Bí ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn bá tún kọjá tí ọmọ Santasi ṣì ń ka ìwé rẹ̀ lábẹ́ àbẹ́là, nígbà tí òkúta ilẹ̀ rẹ̀ ń tan iná fún ẹlòmíràn, a kò ní lè sọ pé Òyìnbó ni ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún wa.